Àgbá Kẹrìnlá

Afẹ́fẹ́ ni Alhaja Sàúdátù kọ́kọ́ rí nínú àgbá náà.

Àwọn yòókù, káàdì ni wọ́n ń wò. Mẹ́jọ ni, dúdú, pẹrẹsẹ, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì irin nínú ilé ìkẹ́rùsí ìjọba kan ní Brooklyn bí ẹni pàtẹ panla. Ṣùgbọ́n owó ọ̀kan ṣoṣo nínú panla yìí tó ra mọ́tò tuntun. Òun ni àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń kì bọ inú kọ̀mpútà kí kọ̀mpútà lè máa kọ̀wé, kó máa ya àwòrán, kó máa dáhùn bí ènìyàn, ohun tí ayé ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Amẹ́ríkà kò sì fẹ́ kó dé Ṣáínà. Ìjọba ṣòfin lé e, ó tún òfin náà ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i: ẹni tó bá fẹ́ gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n dárúkọ, kó lọ gba ìwé àṣẹ ná.

Kò sí ìwé àṣẹ kankan nínú àgbá yìí.

"Ìwé sọ pé aṣọ àti oúnjẹ ló ń lọ sí Èkó," ni Reyes wí. Òun ni aṣojú ìjọba tí ìwádìí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n bí sí Bronx, tí kì í sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù ní wáfù sọ pé irin ni. Láti Èkó, ẹnìkan á tún un dì, á gbé e gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí Ṣáínà. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù Ṣìmí Johnson ló wà lórí ìdérí àgbá, èdìdì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Aago mẹ́rin ọ̀la ni màá gbé fáìlì yìí lọ fún agbẹjọ́rò ìjọba."

Ṣìmí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, ó ń fi ìka yí etí ìborùn rẹ̀ po. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba àgbá ẹrù lọ sí Nàìjíríà ló ní, ní University Heights, ní Bronx. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń lé ìwé ọmọ onílùú. Wọ́n ti wá fún un lọ́jọ́: àárọ̀ Ẹtì ni yóò gbọ́wọ́ sókè búra, tí yóò di ọmọ Amẹ́ríkà. Òní Ọjọ́rú nìyí. Tí fáìlì Reyes bá wọlé ní Ọjọ́bọ̀, ìbúra ti dòfo, bóyá kí wọ́n sì tún dá a padà sílé.

Lọ́yà rẹ̀, Joanna Ọládiméjì, ló ránṣẹ́ pe Alhaja. Queens Village ni wọ́n bí Joanna sí. Yorùbá rẹ̀ tẹ́jú bí títì márosẹ̀, kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń débi tó ń lọ.

"Alhaja, kí lẹ rí?"

"Kí wọ́n dá gbogbo ẹrù padà sínú rẹ̀ bó ṣe wà ná."

Wọ́n dá a padà: káàdì, àpò ìrẹsì kékeré méjì, ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, àti àwọn ìrọ̀rí ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí tí a bá rajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Alhaja gbá àgbá náà mú létí méjèèjì, ó mì í. Ó dún gbọ̀ràngbọ̀ràn.

"Kì í ṣe ọmọ wa ló dì í," ni ó wí.

Reyes rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀rí nìyẹn?"

"Ọmọ mi, èló lẹ máa san tí ẹ bá fẹ́ fi àgbá kan ránṣẹ́ sí Èkó nínú ọkọ̀ ojú omi?"

"N kò mọ̀."

"Iye kan náà ni, ẹ̀ báà di ìyẹ́ adìẹ, ẹ̀ báà di òkúta. Àgbá ni wọ́n ń gbowó lé, wọn kì í wọn ìwúwo. Nítorí náà gbogbo kọ̀rọ̀ inú rẹ̀ la ti sanwó fún. Ọṣẹ la ń kì bọnú bàtà. Òwú la ń kì bọnú ife. Ìkòkò tí a bá fẹ́ fi ránṣẹ́, a ó fi iyọ̀ kún un, a ó tún fi súwẹ́tà yí iyọ̀ náà ká. Ẹni tó bá fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sílé, ìyá rẹ̀ á pè é lórí fóònù, á bi í pé ṣé afẹ́fẹ́ ti tán ní Nàìjíríà ni." Ó mú ìrọ̀rí ọ̀rá kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó fọ́ pàá. "Ẹni tó di èyí, ọkọ̀ òfuurufú ló mọ̀. Níbẹ̀, wọ́n ń wọn ìwúwo. Afẹ́fẹ́ kò wúwo."

"Adájọ́ kì í dá afẹ́fẹ́ láre," ni Reyes wí. "Èdìdì kò já títí àwa fi gé e. Nọ́ḿbà rẹ̀ wà nínú ìwé Ṣìmí: Sátidé tó kọjá ni wọ́n fi sí àgbá kẹrìnlá, ẹrù ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bàṣírù. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó já a. Ẹni tó fi èdìdì sí i ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí le. Joanna wo ilẹ̀. Alhaja kò wolẹ̀.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní Mount Hope ni kí ó máa tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́ kankan. Ìdìròkò, létí bodè, ló gbé dàgbà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó tú kọ́kọ́rọ́ àgádágodo àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù palẹ̀ tó sì tún tò ó padà, torí ó fẹ́ mọ ohun tó ń dún nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Tú-u-wò. Nínú báàgì rẹ̀, tẹ̀sùbáà kò jìnnà sí irin tó fi ń tú nǹkan, òòfà kékeré kan sì wà níbẹ̀ tó fi ń ṣa abẹ́rẹ́ tó bá bọ́ sílẹ̀ nílé àwọn arúgbó rẹ̀.

Òòfà yìí ló mú jáde.

"Ẹ wo òrùka irin tó mú ìdérí mọ́ ẹnu àgbá yìí," ni ó wí. "Ó ní ọwọ́ kan tí a ń tẹ̀ dé. Èdìdì gba inú ihò ọwọ́ náà kọjá. Gbogbo ayé ló ń wo èdìdì. Ta ló ń wo ẹ̀yìn ọwọ́, níbi tí ìṣó pẹlẹbẹ yìí ti so ó mọ́ òrùka?"

Ó fi òòfà kan òrùka. Ó lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kí. Ó fi kan ọwọ́. Ó lẹ̀. Ó fi kan orí ìṣó náà. Òòfà yọ̀, ó bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Reyes sún mọ́ ọn.

"Irin ni gbogbo rẹ̀," ni Alhaja wí, "àfi ìṣó. Alumíníọ̀mù ni ìṣó, ó sì ń dán, nígbà tí òrùka ti ń dípẹtà. Wọ́n fi ẹ̀rọ lu ìṣó àkọ́kọ́ jáde. Òrùka ṣí, èdìdì kò mọ nǹkan kan. Wọ́n gbé ìdérí àti òrùka àti èdìdì lọ sórí àgbá mìíràn, wọ́n wá kan ìṣó tuntun."

"Ṣìmí náà lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣìmí ní èdìdì tó kún odindi dúrọ́ọ̀. Ìwé tó ń kọ nọ́ḿbà wọn sí, òun ló ni ín. Tó bá fẹ́ ṣèrú, á já èyí, á fi òmíràn sí i, á kọ nọ́ḿbà tuntun. Kí ni yóò wá máa lu irin fún? Ẹni tí kò ní èdìdì ló ń gba ẹ̀yìn wọlé."

Reyes fi ìka kan orí ìṣó náà. "Aago mẹ́rin ọ̀la," ni ó tún wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀ díẹ̀.

Kí wọ́n tó jáde, Alhaja dẹ àgbá náà, ó wo ìdí rẹ̀. Kò sọ ohun tó rí.

*

Wọn kò tíì kúrò nínú subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, nígbà tí fóònù Joanna dún. Reyes ni. Àwọn káàdì náà ní nọ́ḿbà lára, nọ́ḿbà sì ti júwe ilé: iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Corvane, ní Long Island City, ní Queens. Ìwé Corvane sọ pé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti bàjẹ́, wọ́n sì ti fi wọ́n kún pàǹtí tí wọ́n tà fún ẹnìkan tó ń wá ra ògbólógbòó kọ̀mpútà ní Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀.

"Ta ni?" ni Alhaja bi í.

"Bàṣírù," ni Joanna dáhùn. "Bàṣírù wa. Alhaja, ọ̀rọ̀ ti burú. Ìwé Ṣìmí sọ pé òun ló ni àgbá, òun ló ra àwọn káàdì. Wọ́n máa sọ pé òun àti Ṣìmí ló jọ ṣe é."

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, Bàṣírù ti wà níbẹ̀, ó jókòó lórí àgbá òfìfo. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó ń ra kọ̀mpútà àlòkù ní New York, arákùnrin rẹ̀ ń tà á ní Ìkẹjà. Ṣìmí dúró lẹ́yìn káńtà, kò wojú rẹ̀.

"Bàṣírù, ṣé o mọ Corvane?"

"Alhaja, n kò gbọ́ orúkọ yẹn rí."

"Búra."

"Ẹ̀ẹ́ẹ̀! Kí la ń búra sí lórí ọ̀rọ̀ kékeré?"

"Ìjọba ní orúkọ rẹ nínú ìwé. Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ lo ń lọ síbẹ̀."

Bàṣírù fọwọ́ nu ojú. "Kò burú. Mo mọ̀ wọ́n. Wáyà, fáànù, páálí irin, ìyẹn ni mò ń rà lọ́wọ́ wọn. Alhaja, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, oníṣòwò wo ló ń júwe ibi tó ti ń rajà? Bí mo bá dárúkọ Corvane lónìí, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta tó wà ní Bronx á ti tò sẹ́nu géètì wọn."

"Nítorí wáyà lo ṣe fẹ́ kí wọ́n dá mi padà sí Nàìjíríà?" ni Ṣìmí pariwo. "Bàṣírù! Ṣé ara ẹ yá ṣá?"

"Ìyá Ànú, ẹ má bínú. Káàdì kankan kò sí níbẹ̀. Kroll, máníjà wọn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń di ohun tí mo rà fún mi, ó sì máa ń kọ ìwé rẹ̀. Èmi á kàn fọwọ́ sí i ni."

"O kì í kà á?" ni Joanna bi í.

"Lọ́yà, ta ló ń ka ìwé pàǹtí?"

Alhaja fa àga kan, ó jókòó sí iwájú rẹ̀. "Sọ gbogbo ohun tó wà nínú àgbá rẹ ní Sátidé fún mi. Má fo ọ̀kankan."

Ojú Bàṣírù là. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ nìyí. "Láptọ́ọ̀pù mẹ́rin nísàlẹ̀, mo fi ìró ìyàwó mi wé wọn. Mílíìkì alágolo ló yí wọn ká, kó má baà sí àyè. Ìkòkò kan, kọ́rì ló wà nínú rẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì wà láàárín kọ́rì àti ìdérí. Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ mẹ́ta fún àwọn àbúrò mi, mo ki ọṣẹ mẹ́ta mẹ́ta bọ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kún, mo wọ inú rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́."

"Ìdí rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìdí rẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn. Mo fi péńtì funfun kọ orúkọ mi àti fóònù àbúrò mi síbẹ̀."

"Èmi náà fi pupa kọ mẹ́rìnlá sábẹ́ rẹ̀," ni Ṣìmí wí. "Sátidé, níbí yìí. Láti ìgbà tí lébẹ̀ẹ̀lì méjì ti já ní Àpápá tí ìdílé méjì sì fẹ́ para wọn nítorí àgbá kan, kò sí ẹrù tó ń jáde níbí tí n kì í kọ nọ́ḿbà sí nídìí."

Alhaja mi orí. "Ìdí àgbá tí mo wò ní Brooklyn mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò sí funfun, kò sí pupa."

Ọ̀rọ̀ náà wọlé sí gbogbo wọn lára díẹ̀díẹ̀.

"Ó túmọ̀ sí pé àgbá méjì ló wà," ni Joanna wí.

"Méjì ni. Ìdérí àgbá Bàṣírù wà ní Brooklyn. Àgbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àgbá kì í ṣe owó tí a lè ká sápò. Ibi tó bá wà, ibẹ̀ ni olè wà."

"Tó bá jẹ́ ilé Bàṣírù ló wà ńkọ́?"

"Lọ́yà!" Bàṣírù fò dìde.

"Jókòó," ni Alhaja wí. "Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Joanna, ẹni tó wọ inú àgbá kó lè fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrù mọ́lẹ̀, ṣé òun ló máa fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́? Tó bá sì fẹ́ ṣe fàyàwọ́, ṣé orúkọ ara rẹ̀ ló máa lẹ̀ mọ́ ọn? Rárá o. Ẹnìkan ló rí i tó ń di ẹrù, tó sì yá orúkọ rẹ̀ lò. Lu ìṣó jáde, kó ẹrù, kan ìṣó padà: iṣẹ́ yẹn ń fẹ́ iná mànàmáná, ó ń fẹ́ àyè, ó ń fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má wo ẹ. Ṣìmí, láti Sátidé títí di àárọ̀ Mọ́ńdè tí ẹrù dé wáfù, ọwọ́ ta ni àwọn àgbá wà?"

Ṣìmí kò ronú rárá. "Afeez. Awakọ̀ mi."

*

Afeez dé ní ìrọ̀lẹ́, ó di fìlà rẹ̀ mú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaja láàárín àwọn àgbá.

"Níbo lo páàkì ọkọ̀ ẹrù sí láti Sátidé?"

"Ní páàkì Jerome Avenue, mà. Ibi tí ọ̀gá mi ń sanwó fún."

"Títí di Mọ́ńdè?"

"Títí di Mọ́ńdè, mà. Ọkọ̀ kò mira."

Alhaja yíjú sí Ṣìmí. "Ta ló ni E-ZPass inú ọkọ̀, èyí tó ń san owó afárá?"

"Èmi ni. Ó wà lórí fóònù mi."

"Ṣí i."

Afeez wo fóònù náà bí ẹni tó rí ejò. Ṣìmí fi àtàǹpàkò tì í sókè, tì í sísàlẹ̀. Ó dúró. "Sátidé, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Afárá Triborough." Ó gbójú sókè. "Kí ni ọkọ̀ mi ń wá lọ sí Queens?"

"Ọ̀gá mi..."

"Afeez, kí ni ọkọ̀ mi ń wá lọ sí Queens?"

Afeez dọ̀bálẹ̀ padà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló ń bá sọ ọ́. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Bàṣírù mú un lọ kó ẹrù ní Corvane. Kroll rí ọkọ̀ rẹ̀, ó bi í léèrè ibi tó ń páàkì sí. Ó ní kí ló dé tí yóò máa sanwó, kó máa gbé ọkọ̀ wá sí àgbàlá àwọn ní òpin ọ̀sẹ̀, géètì wà, olùṣọ́ wà, ọ̀fẹ́ ni. Owó páàkì tí Ṣìmí ń fún un, ó ń fi san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀.

"Mo rò pé inúure ni, mà."

"Ní New York yìí," ni Alhaja wí, "tí ẹni tí kò mọ̀ ẹ́ bá fún ẹ ní ibi páàkì lọ́fẹ̀ẹ́, o kò bi í pé kí ló dé?"

Bàṣírù rẹ́rìn-ín láìmọ̀, ó tètè fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìwọ náà má rẹ́rìn-ín," ni Ṣìmí wí. "Ọ̀kan fi ibi ìrajà pamọ́, ọ̀kan fi ibi páàkì pamọ́. Èmi ni ẹ jọ fẹ́ sin láàyè ní Amẹ́ríkà yìí."

"Kroll bi ẹ́ nípa ẹrù rí?" Alhaja kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yapa.

"Ó bi mí bóyá wọ́n ń tú àgbá wò ní wáfù. Mo ní ta ló máa tú ọgọ́ta àgbá aṣọ wò?" Afeez gbé orí sókè. "Àpárá ni mò ń dá, mà. Mo kàn ń sọ̀rọ̀ ni."

Joanna ti ń wọ kóòtù rẹ̀. "Mo máa pe Reyes. Ṣùgbọ́n Alhaja, kò sí ẹ̀rí. Kroll á kàn sọ pé òun ṣe inúure fún awakọ̀."

"Bẹ̀ ẹ́ kó wá pàdé wa níbẹ̀ láàárọ̀. Sọ fún un pé kó tú àwọn káàdì wò kó tó máa bọ̀, bóyá wọ́n bàjẹ́ lóòótọ́."

*

Àgbàlá Corvane wà lábẹ́ ojú irin, tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá lókè, ọ̀rọ̀ á dúró ná. Aago mẹ́wàá Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n débẹ̀: Alhaja, Joanna, àti Reyes tó ń wo aago rẹ̀. Olùṣọ́ géètì, bàbá aláwọ̀ pupa rúsúrúsú kan láti Bangladesh, ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Alhaja ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàtà yín dára, bàbá. Tuntun ni."

"Ọ̀gá ló fún mi," ni bàbá náà wí, inú rẹ̀ dùn. "Ní Mọ́ńdè. Ó fún èmi àti àwọn méjì tó ń gbálẹ̀. Ẹ ò gbàgbọ́: ọṣẹ ló wà nínú rẹ̀! Mẹ́ta nínú ẹsẹ̀ ọ̀tún, mẹ́ta nínú ti òsì. Ta ló ń tọ́jú ọṣẹ sínú bàtà?"

"Àwa ni," ni Alhaja wí.

Reyes dáwọ́ aago wíwò dúró.

Kroll jáde wá. Ọkùnrin onírùngbọ̀n tó gé dáadáa ni, ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, ó bọ Joanna lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni, òun kọ mẹ́jọ sílẹ̀ pé ó bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, òun tà wọ́n pọ̀ mọ́ pàǹtí. Ohun tí Bàṣírù ṣe sí wọn lẹ́yìn náà, òun kò mọ̀.

"A tú wọn wò láàárọ̀ yìí," ni Reyes wí. "Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń ṣiṣẹ́."

Kroll kò fìgbà kankan ṣòfò. "Ó jẹ́ pé Bàṣírù mọ iṣẹ́, ó tún wọn ṣe nìyẹn."

Èsì rẹ̀ yá, ó sì mọ́gbọ́n dání. Joanna wo Alhaja. Alhaja ti rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí àgbá aláwọ̀ búlúù mẹ́rin wà, páálí tí wọ́n gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ ló kún inú wọn.

"Ọ̀gbẹ́ni Kroll, ti iléeṣẹ́ yín ni àwọn àgbá yìí?"

"Tiwa ni. Pàǹtí la ń dà sí i."

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Ó ti tó ìgbà wo tí wọ́n ti wà níbí?"

"Ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Kí n tó débí gan-an. Màdámú, àgbá lásán ni."

Ọkọ̀ ojú irin kọjá lókè. Alhaja dúró dè é títí ariwo fi tán. Lẹ́yìn náà ó yí àgbá àkọ́kọ́ dé, páálí dà sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ṣófo. Èkejì ṣófo. Ẹ̀kẹta náà ṣófo. Kroll ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń mú sùúrù fún ìyá àgbà.

Ó yí ẹ̀kẹrin dé.

Lẹ́tà funfun gàdàgbà ló wà nídìí rẹ̀: BÀṢÍRÙ. ÌKẸJÀ. Nọ́ḿbà fóònù kan tẹ̀lé e. Lábẹ́ rẹ̀, ní pupa, pẹ̀lú ọwọ́ Ṣìmí: 14.

"Funfun yìí, ẹ lè sọ pé Bàṣírù gbé àgbá wá síbí nígbà kan," ni Alhaja wí, ó sì nawọ́ sí pupa náà. "Ṣùgbọ́n Sátidé tó kọjá ni wọ́n kọ mẹ́rìnlá, ní University Heights, wákàtí kan kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀. Àgbá tó ti wà níbí fún ọdún mẹ́ta, báwo ló ṣe lọ gba nọ́ḿbà ní Bronx ní Sátidé?"

Kroll wo ọ̀nà géètì. Reyes ti gbé fóònù sétí, ó ń pe àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì júwe fún Kroll pé kó má kúrò lójú kan.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan," ni Kroll wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti gbẹ. "Káàdì yìí, ọjà lásán ni tẹ́lẹ̀. Mo ní oníbàárà tó fẹ́ ẹ. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan ní Washington, ọjà di ẹ̀ṣẹ̀. Oníbàárà kan náà wá ní òun á san ìlọ́po méjì. Káàdì kò yí padà. Èmi kò yí padà. Ìwé ló yí padà."

"Mo gbọ́," ni Alhaja wí. "Ní Ìdìròkò, oúnjẹ ni ìrẹsì. Ọjọ́ tí ìjọba bá ti bodè, ìrẹsì kan náà á di wúrà, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa á máa dì í mọ́ abẹ́ ìjókòó mọ́tò. Mo mọ fàyàwọ́. Mo bá wọn jẹun. Ṣùgbọ́n ẹrù ara wọn ni wọ́n ń gbé lórí ara wọn. Ẹ̀yin gbé tiyín ka orí obìnrin tó ti dúró fún ọdún mọ́kànlá."

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

"Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún yín."

Kroll wo àgbá kẹrin náà. "Mo rò pé kò sẹ́ni tó ń wo àgbá Áfíríkà."

"Tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni," ni Reyes wí, ó ti sọ fóònù kalẹ̀. "Láti ìgbà tí òfin ti yí, ẹrù tó ń gba ilẹ̀ mìíràn kọjá gan-an là ń wò. Ìwé tó sọ káàdì yín di wúrà, òun náà ló ra ẹ̀rọ tuntun sí wáfù."

Ó yíjú sí Joanna. "Ẹ sọ fún Ìyáàfin Johnson kó lọ bá wọn búra lọ́la. Ó sì kù díẹ̀: ẹ ní kó tètè dé, ìlà máa ń gùn níbẹ̀."

*

Alhaja kò sí níbi ìbúra. Ó ń wẹ bàbá kan ní Mount Hope nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Fọ́tò ni: Ṣìmí pẹ̀lú àsíá kékeré lọ́wọ́, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Ohùn rẹ̀ tẹ̀lé fọ́tò. Ó ní Afeez ti bẹ̀bẹ̀ títí, òun ti gbà á padà, ṣùgbọ́n òun fúnra òun ni yóò máa sanwó páàkì. Ó ní Bàṣírù ti gba bàtà kan péré padà lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ní méjì yòókù ṣì jẹ́ ẹ̀rí. Ó ní àgbá kan wà fún Alhaja ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀fẹ́ ni, kó di ohun tó bá wù ú sínú rẹ̀ fún àwọn ará Ìdìròkò.

Ní ọ̀sán Sátidé, Alhaja dì í. Súwẹ́tà, ìkòkò, iyọ̀ nínú ìkòkò, bátìrì nínú ife, ọṣẹ nínú bàtà, ìṣó kéékèèké nínú páálí ọṣẹ. Nígbà tó di ọwọ́ òkè, ó ku àyè kan tí kò ju ìkúùkù lọ. Ó wo yíká ṣọ́ọ̀bù, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó kì wọ́n síbẹ̀.

Ó de òrùka mọ́ ọn. Ó gbá àgbá náà mú létí méjèèjì, ó mì í.

Kò dún.

Ó ní kí Afeez bá òun yí i dé, ó sì mú péńtì.